Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Kí Àlejò

Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ ní àdúgbò wa yìí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń wá bá mi nílé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wá rọra bi mí pé, "Ìyá Tíṣà, ṣé iṣẹ́ olùkọ́ dára kéèyàn ṣe?" Inú a máa bí mi bí mo bá ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe àwọn ni mo ń bínú sí. Ó kàn ń dà bí ìgbà tí wọ́n ń bi opó pé ṣé ọkọ níní dára ni. Nítorí náà mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá kà á tán tó sì ṣì fẹ́ ṣe tíṣà, kó máa ṣe é lọ. N kò ní dí i lọ́nà.

Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Góòlù Kóòsì. Aṣọ ni àwọn òbí mi ń tà. Onígbàgbọ́ ni wá, Krofrom là ń gbé, àwọn Àṣàńtí sì ń pè wá ní Alata bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń sọ Twi bí ẹni ń jẹ iṣu. Yorùbá nínú ilé, Twi lójú pópó, Haúsá bí a bá dé Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí. Ahọ́n wa kì í sinmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mi nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ kéékèèké wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rọ́ wá bí omi, tíṣà kò sí. Bí wọ́n ṣe gba irú èmi nìyẹn, wọ́n ní ká máa kọ́ ọmọ, kí àwa náà sì máa kọ́ṣẹ́ lọ. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ẹni tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé wa. Àṣàńtí ni. Tikya Panin ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ìyẹn àgbà tíṣà ní èdè wọn. Ó ga, ó gbẹ, ṣòkòtò péńpé funfun ló máa ń wọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, kò sì sẹ́ni tó rí ìdọ̀tí lára ìbọ̀sẹ̀ náà rí. Kì í sábà na ọmọ. Àwa tíṣà ló ń fi ẹnu nà. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, yóò ní kí n kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sójú pátákó, òun yóò wá lọ dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì pátápátá. "Mi ò rí i," ni yóò wí. N óò nù ún, n óò tún un kọ. "Mi ò rí i." Ṣọ́ọ̀kì á kún imú mi, omi á bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Sà, àwọn ọmọ tó wà níwájú ń rí i."

Ó ní, "Èyí tó jókòó síwájú, bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ nílé. Èyí tó sá lọ sẹ́yìn ni kó o máa kọ̀wé fún."

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ mi ní nǹkan tó tó èyí títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Síléètì la ń lò nígbà náà. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Pẹlẹbẹ òkúta dúdú tí wọ́n fi igi yí etí rẹ̀ ká ni. Bí àwọn ọmọ bá ń kọ̀wé sí i, yóò máa ké ìyíín ìyíín títí eyín yóò fi máa kan àgbà. Itọ́ ni wọ́n fi ń nù ún, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń gbo ó. Àléébù tó ní ni pé bí agogo ìjádelọ bá ti lù, gbogbo ohun tí ọmọ kọ́ ti pa rẹ́. Ìyá tó wà nílé kò rí nǹkankan. Nígbà tí ìwé àjákọ dé ni ohun tí ọmọ kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dé ilé.

Ẹ sì mọ ohun tí ìwé náà bá pàdé nílé? Ìyá kan wà ní Moshie Zongo, ọmọ Ìlọrin, tó ń ta kókó àti kóósé láàárọ̀, ògì mímu ni kókó níbẹ̀, àkàrà tiwa náà ni kóósé o. Mo kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí i tó fi ìwé àjákọ di kóósé fún oníbàárà. Mo wo ìwé náà, ọwọ́ pupa tèmi ló wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò ọmọ rẹ̀ tí mo ti fún ní máàkì ni!

Mo pariwo, "Ìyá Sàfú! Ìwé ọmọ lẹ fi ń di kóósé?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Tíṣà, wallahi, mo rò pé ẹ ti lò ó tán ni. Ẹ ti fi pupa pa á rẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí àpótí rẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún un pé pupa yẹn túmọ̀ sí pé ọmọ rẹ̀ gbà á. Láti ọjọ́ náà, ìyá tí kò mọ á-bí-dí yìí ń ṣí ìwé Sàfú wò ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, tó ń wá pupa kiri. Bó bá rí i, yóò fún un ní kóósé. Ohun tí mo pè ní ilé àti ilé ìwé tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tikya Panin ló kọ́ mi láti máa dé ilé àwọn ọmọ. Bí ọmọ kan kò bá wá, n kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ ọ̀sán kí n tó lọ wo ohun tó ṣe é. "Ẹsẹ̀ rẹ ni kó bá mi mú un wá," ni yóò wí. Nínú Zongo, wọ́n kò fẹ́ràn ká mú ọmọbìnrin lọ sílé ìwé. Kí wọ́n lọ kéwú, kí wọ́n kiri ọjà, ó parí. Bí àwọn tíṣà Àṣàńtí bá lọ síbẹ̀, ní òòró ni wọ́n ń dúró kí àgbà, ìlẹ̀kùn á sì tì. Èmi, bí mo bá dé, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ káàsán o, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó." Bàbá arúgbó tó ti ń lérí pé òun ò fọmọ sílé ìwé kèfèrí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ wò ó, ọmọ tiwa ni. Ẹ̀kọ́ ilé wà lára ẹ̀." Orúnkún mi ló mú àwọn ọmọbìnrin yẹn wá sílé ìwé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn.

Sàfú, Sàfúrátù gan-an lorúkọ rẹ̀, wà lára wọn. Ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ni, ó léjì, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ka iye bí ti ọwọ́ bá tán. Ta ni Sàfú kì í kúnlẹ̀ fún? Ó ń kúnlẹ̀ fún alápatà, ó ń kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó ń pọn omi, ó ń kúnlẹ̀ fún bàbá Mọ́sí tó ń ṣọ́ ọgbà ilé ìwé wa, tí ojú yóò ti bàbá náà títí tí yóò fi máa sá fún un. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò sì fi ẹnu nìkan kọ́ ọ. "Gbogbo ẹni tó bá jù ẹ́ lọ, bàbá ẹ ni, ìyá ẹ ni." Bí wọ́n bá ń yin ọmọ ní Zongo, òun ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù.

Nígbà tí lọ́rì pọ̀ nígboro tí àlejò sì ń wọ Kùmásí láti ibi gbogbo, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn òbí. Tikya Panin pè wọ́n jọ sí ọgbà ilé ìwé. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọmọ tó máa jáde kí agogo tó lù àfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá wá. Òun fúnra òun ni yóò sì pe ọmọ náà wá síwájú, tí ọmọ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó wá mú un. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn Àṣàńtí pàtẹ́wọ́. Àwọn Mùsùlùmí ṣàdúrà fún un. Bàbá Sàfú, télọ̀ tó ń rán aṣọ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, dìde, ó ní, "Ojú mérin ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Tikya, ẹ ti di bàbá àwọn ọmọ wa." Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Twi, ọkàn mi sì kún.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, mo wà ní àdúgbò Asawase. Ọmọ kan ní ibà, Tikya sì ti rán mi lọ wò ó. Nígbà tí mo padà dé, agogo ti lù, àwọn ọmọ ti ń tú ká. Mo rí Ìyá Sàfú lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín wọn. Ó rí mi, ó kí mi, ó bi mí ibi tí Sàfú wà. Mo wọlé lọ bi Tikya Panin. Kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá rẹ̀ ti mú un lọ."

Mo ní, "Bàbá Sàfú? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Ó ń ránṣọ."

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè.

Ó ní ọkùnrin kan wá, tó dé fìlà, tó wọ agbádá, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó lóun ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, òun ti ìlú wọn dé, ìyá àgbà ń ṣàìsàn, ó fẹ́ rí ọmọ náà kí ọkọ̀ tó gbé òun padà. Lọ́dọ̀ àwọn Àṣàńtí, arákùnrin bàbá rẹ, papa náà ni wọ́n ń pè é. Síbẹ̀ Tikya kò gbà bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ní kí wọ́n pe Sàfú wá, gẹ́gẹ́ bí òfin tí a jọ ṣe.

"Mo bi í pé, 'Wonim no?' Ṣé o mọ̀ ọ́n? Ó ní, 'Aane,' bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, 'Papa.' Ó kúnlẹ̀ fún un, Tíṣà! Orúnkún méjèèjì, nínú eruku. Kò kí èmi gan-an báyẹn rí. Ọmọ wo ló ń kúnlẹ̀ báyẹn fún ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ Yorùbá wo ni yóò dúró níwájú àgbàlagbà alágbádá, tí yóò sọ lójú rẹ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n? Wọ́n á gbá a létí kó tó pa ẹnu dé. Ọkùnrin náà jù ú lọ, nítorí náà bàbá ni. Òótọ́ ni Sàfú sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Òótọ́ ni Tikya gbọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé tirẹ̀. Bí èmi bá wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé n óò béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé kí ni orúkọ ìyá ọmọ náà. Ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ìyá Sàfú ti ń sá tẹ̀ lé mi, kò tíì mọ ohun tí òun ń sá fún. Mo ní, "Bàbá Sàfú, ṣé ẹ̀gbọ́n yín ti ìlú dé?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wo? Tíṣà, mi ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Èmi ni àkọ́bí ìyá mi, èmi ni àkọ́bí bàbá mi."

Ìyá Sàfú bú sígbe kí n tó lè la ẹnu.

A wá a. Gbogbo Zongo tú jáde, Haúsá, Mọ́sí, Yorùbá, Dàgọ́ḿbà. A lọ sọ fún àwọn olórí, a lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ní ibùdókọ̀ Kejetia, ọmọ ọkọ̀ kan sọ pé òun rí ọkùnrin alágbádá kan àti ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ilé ìwé nínú lọ́rì tó ń lọ sí ìhà àríwá. Ó ní ọmọ náà kò sunkún. Ó ní ó kí òun nígbà tó ń gòkè. Bàbá rẹ̀ wọ lọ́rì tọ̀ wọ́n lọ. Ó dé Kintampo, ó dé Tamale, ó sùn ní àwọn mọ́ṣáláṣí tí kò mọ̀, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá rí. Nígbà tó padà dé, irun rẹ̀ ti funfun ní ẹ̀bátí, kò sì mú nǹkankan bọ̀. A kò rí Sàfú mọ́ títí di òní yìí. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré. N kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe rí.

Tikya Panin gbéra, ó lọ bẹ àwọn òbí Sàfú. Kò sọ fún mi. Ó mú àgbà méjì dání gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn, kò sì lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí ẹni tó bá lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó kẹ́gàn ẹni náà ni. Ìgò sínáàpù ló mú lọ. Ọtí, sínú ilé Mùsùlùmí, sórí ẹní tí bàbá fi ń kírun! Ẹnìkan wá pè mí, mo sáré débẹ̀. Bàbá Sàfú dúró, ó ń tọ́ka sí ìgò náà, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá.

"Ó fọmọ mi fún àlejò. Ó wá fi ọtí san án fún mi."

Mo túmọ̀, mo ṣàlàyé, mo bẹ apá ọ̀tún, mo bẹ apá òsì. Kò wọ̀ wọ́n létí. Tikya gbé ìgò rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó ń lọ, ó ń tún "Due, due" wí, ẹ pẹ̀lẹ́ ní èdè wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwé abúlé kan. Wọ́n ní títí tó fi kú, kì í jẹ́ kí ọmọ jáde lọ tọ̀ kí òun má dìde dúró lójú fèrèsé.

Kó tó lọ, a tún pe àwọn òbí jọ. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní kí a kọ́ àwọn ọmọ pé kì í ṣe gbogbo àgbà là ń kúnlẹ̀ fún, pé bí ẹni tí wọn ò mọ̀ bá pè wọ́n, kí wọ́n sọ pé "Mi ò mọ̀ yín." Ariwo ta. Àáfáà àdúgbò ní, "Haba, Tíṣà! Kọ́mọ máa wo àgbà lójú? Èyí tó ń wojú lónìí, á bú ni lọ́la." Mo ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ó ní akátá kan ló gbé adìẹ kan, èmi fẹ́ sọ gbogbo adìẹ di akátá. Ìyá Àṣàńtí kan dìde ní tirẹ̀, ó ní kí Alata fi ìkúnlẹ̀ wọn sílé, òun ló fa gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpàdé tú sí. Lọ́sẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọbìnrin tí mo fi orúnkún mú wá lọ tán kúrò ní kíláàsì mi. Mo dúró síwájú pátákó, mò ń kọ̀wé fún ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ̀yìn kíláàsì sì ṣófo.

N kò jáwọ́. Òmùgọ̀ ni mí. Mo wá okùn kan, mo ń jí lọ sí Zongo láàárọ̀, mò ń mú wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kí olúkúlùkù di okùn mú títí dé ilé ìwé, bákan náà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn awakọ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní Tíṣà ti di darandaran. Díẹ̀díẹ̀, àwọn mélòó kan padà. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, Ìyá Sàfú mú àbúrò Sàfú, Múníràtù, wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ni mo fi í lé lọ́wọ́ o, kì í ṣe ilé ìwé."

Ohun tí ìpàdé kọ̀, mo ń ṣe é nínú kíláàsì. Bí òjò bá ń rọ̀ tí a kò lè gbọ́hùn ara wa lábẹ́ páànù, mo máa ń fi gèlè mi ṣe agbádá, n óò ki ohùn mi nípọn, "Ọmọ mi, wá!" Àwọn ọmọ yóò dáhùn pé, "Mi ò mọ̀ yín! Ẹ lọ bá ìyá mi!" Ẹ̀rín ló ń pa wọ́n. Múní kò lè sọ ọ́. Yóò la ẹnu, orúnkún rẹ̀ yóò ti máa tẹ̀ kó tó mọ̀. Ó pẹ́ púpọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dúró gbagidi tó sọ ọ́ jáde, mo gbé e sókè, mo sunkún sórí rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù, kò gùn. Mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà dáadáa, mo gba ìwé ẹ̀rí. Gánà gba òmìnira, àwọn ọmọ yan, wọ́n fì àsíá. Síléètì parẹ́, bírò dé, ìkọ̀wé àwọn ọmọ bàjẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àlejò máa lọ sílé wọn, àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ sì di àlejò. Mo wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó di ènìyàn ńlá. N kì í sábà rántí orúkọ wọn.

Ẹni tí mo ń rántí ni Múní. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo mú un délé. Àlejò kan wà lágbàlá, bàbá arúgbó kan, àna wọn láti Ìlọrin, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Sàfú ń ṣa ẹ̀wà kóósé ọjọ́ kejì. Bàbá náà rí Múní, ó na ọwọ́. "Ọmọ mi, wá."

Múní wò mí. Ó wá na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó sọ ọ́ ketekete bí mo ṣe kọ́ ọ: "Mi ò mọ̀ yín. Ẹ lọ bá ìyá mi."

Ìyá Sàfú dìde, ẹ̀wà dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbá ọmọ náà létí. "Ta ló kọ́ ẹ? Ta ló kọ́ ẹ nírú ìwà yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni. Ìyá Sàfú, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Sàfú ni."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí ìwé tí mo kà, "ẹ" ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa. Ọjọ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ Sàfú ló gbé e lọ?"

"Rárá o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tó o sọ nìyẹn. Ṣé o mọ ohun tí mo ní nípa ọmọ mi? Mi ò ní sàréè rẹ̀. Mi ò ní aṣọ tó wọ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó rí i lọ́jọ́ yẹn, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi, Tikya yín, ọmọ ọkọ̀, gbogbo wọn: ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa. Ìyẹn ni mo fi ń sùn. Ọmọ mi lọ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ wá dé, o fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi."

Ó mú Múní lọ́wọ́, ó fà á dé iwájú bàbá arúgbó náà, ó tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí i, bàbá náà sì gbàdúrà fún un pé kó dàgbà, kó dogbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí, ìdáhùn mi rèé. Ilé ń kọ́ ọmọ, ilé ìwé ń kọ́ ọmọ, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ọmọ náà dénú egungun. Mo wà láàárín wọn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò sì rí wọn là. Bí ẹ bá ní ọgbọ́n tó ju tèmi lọ, ẹ lọ gbìyànjú.

Mo gbé okùn mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Múní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nídìí agbada, kò wọ aṣọ ilé ìwé, ó ń fi ewé di kóósé. Ìyá rẹ̀ kò wò mí. Ọmọ náà rí mi, ó gbé ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ló wí. Kò pè mí ní Tíṣà.